Òdo Wà ní Igun Òkè

Wọ́n ní kí n kọ ìwé àlàyé fún kánfáàsì,
fún àwọn àṣẹ tí ń ya àwòrán sójú fèrèsé kọ̀ǹpútà,
kódù kan ṣoṣo tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo,
ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ àlòkù tí ìdérí rẹ̀ ti kán.
Adégòróyè tó kọ kódù náà ti lọ sí Kánádà.
Gbólóhùn kan péré ló fi sílẹ̀, lókè àṣẹ tí ń fa ìlà:
"Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo jókòó sí yàrá òkè ní Túdún Wádà, ní Sàríà.
Ọyẹ́ ti fi eruku bo ojú kọ̀ǹpútà.
Mo fi ìka nù ún, ìka mi fa ìlà,
ìlà tí kò bèèrè àlàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìpín kìíní. Mo kọ ọ́ pé:
Òdo wà ní igun òkè, lọ́wọ́ òsì.
Ìbú ń lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, òró ń lọ sísàlẹ̀.
Bí o bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó ni iye rẹ ń pọ̀ tó.
Mo dúró. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?
Tíṣà Ládùntán fi ẹfun fà á fún wa ní Sàbó,
ó ní òkè ni nǹkan ti ń pọ̀ sí i,
ìsàlẹ̀ òdo, gbèsè ló ń gbé ibẹ̀.

Mo gbójú sókè.
Gámbo wà lójú ògiri ilé òdìkejì,
Gámbo tí à bá máa pè ní Ìdòwú ká ní ilé wa ni wọ́n bí i sí,
nítorí ẹ̀yìn ìbejì lòun náà dé.
Ó gun àkàbà, ó fi èédú sàmì sí igun òkè lọ́wọ́ òsì,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ nílẹ̀: dáyá, bíyú, úkù.
Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í, kí ló dé tí kò ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀?
"Amọ̀ tútù a máa kán sílẹ̀, Hájíyà.
Bí mo bá kọ́kọ́ ṣe ìsàlẹ̀, òkè ni yóò bà á jẹ́."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé bẹ́ẹ̀.
Mo yọ amọ̀ kúrò. Mo tún dá amọ̀ padà.

Ìpín kẹta gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi.
Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ní kó dúró lórí márùn-ún gan-an,
ó fẹ̀, ó rí bàìbàì bí ojú tó sunkún sùn.
Lórí ẹ̀rọ Adégòróyè, ó mú bí abẹ.
Mo tú kódù wò títí iná fi lọ:
nọ́ńbà kì í ṣe àpótí,
ààlà tó wà láàrin àpótí méjì ni nọ́ńbà.
Ẹni tó bá dúró lórí ààlà, ilé méjèèjì ni yóò pín in,
kò ní dúdú tán níbì kankan.
Ẹ fi ìdajì kún un, kó wọlé.
Èmi tí wọ́n ń pè ní ará Ọ̀fà ní Sàríà,
tí wọ́n ń pè ní Gàmbàrí ní Ọ̀fà,
mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì.
N kò fi àpẹẹrẹ sí i.

Fi-Ipò-Pamọ́ àti Dá-Ipò-Padà, ìbejì ni wọ́n.
Bí o bá pe ọ̀kan tí o kò pe èkejì,
àwọ̀ pupa rẹ yóò ṣàn wọ inú àwòrán ẹlòmíràn.
Adégòróyè gbàgbé èkejì lórí ìlà ogóje.
Mo pè é lórí fóònù, òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀.
"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"
Ó ń ṣiṣẹ́.
"Kí lo wá ń kọ?"

Gámbo náà béèrè bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́,
ó ń fi igi yọ amọ̀ lábẹ́ èékánná:
ta ni yóò kà á?
Mo ní ẹnì kan ni, níbì kan tí n kò mọ̀,
tí ìlà rẹ̀ ń rí bàìbàì
tí kò sì mọ ohun tó ṣe é.